Àpótí Ọ̀rọ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Lóṣù tó kọjá ni Tiwalọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mo ṣe gan-an kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ni mo ń wá." Ó tẹjú mọ́ mi. "Àǹtí Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ wo ló sọnù?" Ẹ̀rín pa mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rí i pé èmi gan-an kò tíì jókòó ro iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe láyé.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí, oko kòkó ni bàbá mi fi rán wa nílé ìwé. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo parí ìwé mẹ́wàá, mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ní Igbona ní Òṣogbo, mo rí pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́. Tèmi mọ́. Ti owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn.

Ilé ìtẹ̀wé yẹn ló ń tẹ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá ni ojú ìwé eré ọ̀rọ̀ wà: lẹ́tà méje, mẹ́fà yí ọ̀kan po. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré náà yóò wá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá lè rí nínú lẹ́tà méjèèje, ṣùgbọ́n lẹ́tà àárín gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tiwa ni láti ti wá gbogbo rẹ̀ tán kí ìwé ìròyìn tó jáde, ká lè kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí òǹkàwé bá rí ọ̀kan tí àwa kò rí, yóò kọ̀wé sí wa, a ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ kejì pé ó mú wa. Àwọn èèyàn Òṣogbo àti Iléṣà fẹ́ràn àtimú wa ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ni Tíṣà Súlè, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ níwèé rí kí wọ́n tó wá síbẹ̀. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, fìlà funfun kì í kúrò lórí wọn, kálàmù mẹ́ta sì máa ń wà lápò àyà wọn. Yàrá tiwa wà lẹ́yìnkùlé ilé ìtẹ̀wé, ó kéré, ó sì kún fún pẹpẹ. Orí àwọn pẹpẹ yẹn ni àwọn àpótí pákó pẹlẹbẹ tò sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi ti rí látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló wà nínú wọn, káàdì kan fún ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ lè máa rò ó pé ṣebí dikiṣọ́nárì wà. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni dikiṣọ́nárì ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí X wà láàárín rẹ̀, àfi kí ẹ ka ìwé náà láti páálí dé páálí. Ọ̀gá mi ti kà á bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi kálàmù àti tàdáwà kọ sínú káàdì, tí wọ́n sì pín sínú àpótí ní lẹ́tà-lẹ́tà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bi mí lórúkọ, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn àpótí náà.

"Ṣé o rí wọn? Orí tábìlì, orí pẹpẹ, tàbí orí itan ẹ. Wọn ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá rẹ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Orí itan, sà."

"Tí wọ́n bá pè ọ́ síta ńkọ́?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà.

"Wàá kọ́kọ́ gbé e padà sórí pẹpẹ kó o tó dáhùn. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọba ló ń pè ọ́, kó dúró."

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, odò kún, omi wọ ilé bàbá wọn, ó sì kó gbogbo ìwé wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fọkàn tán ilẹ̀ mọ́.

Ẹ ò ní gbà á gbọ́ tí mo bá sọ pé oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò tí mi ò wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Káàdì ni mo ń gé. Mo ń fa ìlà. Mo ń da èyí tó ti gbó kọ sórí tuntun. Láràárọ̀, màá dìde dúró ka ojú ìwé kan nínú dikiṣọ́nárì sókè ketekete, ọ̀gá mi á sì máa fi kálàmù gbá tábìlì níbi tí mo bá ti sáré jù. Nígbà tí wọ́n wá gbà mí láyè, mo mú ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú mi ń dùn kiri. Wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò tíì wò ó, sà."

Wọ́n fà á ya níṣojú mi. "O ò mọ̀ ọ́n, o sì fẹ́ gbé e jáde fi han gbogbo Òṣogbo?" Mo sunkún dé Igbona lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀gá mi gbà ń kọ́ èèyàn dùn. Wọ́n gé páálí ṣúgà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, wọ́n sì ń tò ó sórí tábìlì. Wọ́n á ní, "Lẹ́tà àárín ni àlejò. Mú un kiri ilé. Jẹ́ kó kí kálukú, kó dúró níwájú rẹ̀, kó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó jókòó sáàárín àwọn méjì. Má ṣe jẹ́ kó fo yàrá kankan." Títí di òní, tí mo bá rí lẹ́tà méje, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo máa ń mú àlejò kí gbogbo ilé.

Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ burúkú yẹn tó dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀gá mi ti lọ kírun. Mo rí i pé ikán ti ń jẹ pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo bá wá kẹrosíìnì láti fi nù ún. Àpótí mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: J, Q, X àti Z. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣòro rí jù lọ ló wà nínú àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn. Tábìlì ti kún. Mo gbé wọn sílẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Bí mo ṣe ń nu pẹpẹ ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké "Dúpẹ́! Dúpẹ́ o!" lẹ́nu géètì. Ohùn ìyá mi ni. Ẹsẹ̀ ti dá ìyá mi jókòó fún bí ọdún kan, a ò sì rò pé wọ́n tún lè wọ mọ́tò. Mi ò rántí pẹpẹ, mi ò rántí àpótí. Mo sáré jáde tòun ti àkísà lọ́wọ́. Wọ́n dúró síbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, iṣu àti obì wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹẹ́ ti rí, ọmọ mi? Ará ulé kí ọ o."

Mo dì mọ́ wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀ lójijì, a sì sá sábẹ́ òrùlé iwájú. Ibẹ̀ la jókòó sí tí wọ́n ń ròyìn ilé fún mi, ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, bí ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn. Òjò náà pọ̀, ó sì pẹ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ lórí páànù.

Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ti dí. Nígbà tí mo padà dé yàrá, omi ti dé kókósẹ̀. Àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dojú dé, káàdì ń léfòó káàkiri, tàdáwà sì ti sọ gbogbo omi di àwọ̀ búlúù. Mo kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, mo ń kó wọn, wọ́n ń ya mọ́ mi lọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe bá mi.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní "Lá iláhà" lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá káàdì kan nínú omi, wọ́n sì gbé e súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn.

"Kí ló wà lára eléyìí?"

Omi ò tíì ba káàdì náà jẹ́, kedere ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni. "Zeal ni, sà."

"Eléyìí ńkọ́?"

"Quay ni, sà."

Òun náà hàn kedere. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta sí mi lójú ló tó yé mi. Ọ̀gá mi ò ríran.

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì. Ó rọra ń ṣú ni. Dókítà ní kò ní padà."

"Báwo lẹ ṣe wá ń ṣiṣẹ́?"

"Mo mọ ibi tí kálukú wọn wà. Tí ìka mi bá ń rìn lórí wọn, ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra rẹ̀. Tí ìka mi ò bá rí nǹkan dì mú, mi ò lè rántí wọn tán." Wọ́n gbé káàdì náà lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. "Má sọ fún olóòtú ìwé ìròyìn."

Mo ti rò pé káàdì ni mo bà jẹ́. Àṣé ìyókù ojú ọ̀gá mi ni. Bí ojú ìwé wa bá sì kùnà, olóòtú á mọ̀ pé wọn ò ríran mọ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe á bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé mo sáré lọ dì mọ́ ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi bí ọkùnrin, mo bẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Dìde, otútù á mú ọ. Ṣé ìyá rẹ ti jẹun?" Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí, wọn ò sì sọ pé àwọn ò dárí jì mí.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a yẹra fún àwọn lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn òǹkàwé kì í ṣe ọmọdé. Ìyá kan wà ní Iléṣà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ̀wé sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀. Ó kọ̀wé pé, "Ṣé X ti kú ní Òṣogbo ni? Ẹ bá mi fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní ẹ kú ọ̀fọ̀." Mo ka ìwé náà sí ọ̀gá mi létí. Ẹ̀rín músẹ́ bọ́ sẹ́nu wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò.

Ìwé yẹn ló fún mi ní ìgboyà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀ ojú ìwé wa: pé èmi, ọmọ iṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, omi sì gbé wọn lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọ̀rọ̀ tó ní J, Q, X tàbí Z nínú eré wa rí, kó jọ̀ọ́ kó fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí wa. Mi ò mẹ́nu kan ojú ọ̀gá mi. Ojú tì mí bí mo ṣe ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ.

Àwọn ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tíṣà kan fi mẹ́ta ránṣẹ́, télọ̀ kan fi ogún ránṣẹ́ lẹ́yìn páálí tó fi ń wé òwú. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó wọ bùbá funfun wọ yàrá wa, ó di ìwé àkọsílẹ̀ méje sínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì ti Iléṣà ni. Gbogbo eré tí a ti tẹ̀ jáde rí ló da ìdáhùn rẹ̀ kọ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ojú ìwé yín nìkan ni mo ń dúró dè. Tí mo bá ti ń wá ọ̀rọ̀, mi ò ní ronú kan nǹkan míì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gbà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà dá ìwé mi padà fún mi."

Ọ̀gá mi dìde fún un. "Ọlọ́hun á san yín lẹ́san, Màmá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ káàdì tuntun. Èmi ń ka ọ̀rọ̀, ọ̀gá mi á sì sọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀: "Èyí, lẹ́yìn oxen. Ìyẹn, iwájú díẹ̀ sí i." Tí mo bá kọ ọ́ tán, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mi orí. Nígbà tó parí, wọ́n fi ìka rìn lórí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ó tán?" Mo ní, "Ó tán, sà." Ìyẹn náà ni.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n tún lò lẹ́yìn ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ojú wọn tán pátápátá, mo di ẹni tó ń ka ohun gbogbo fún wọn, olóòtú ò sì mọ̀ títí tó fi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi àga wọn àti ojú ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àpótí? Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mi ò bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, pé nítorí ọjọ́ òjò yẹn ni, ó sì dùn mí wọra.

Kọ̀ǹpútà dé, ó sì gba ipò àpótí. Ẹ tẹ lẹ́tà méje sí i, ó da ọ̀rọ̀ lé yín lórí bí ẹni da ẹ̀wà. Ìdajì nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ò sọ rí láti Òṣogbo dé Iléṣà, èmi ni mo wá ń ṣa èyí táwọn èèyàn wa lè rí tí inú wọn á sì dùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù dé. Ìwé àwọn òǹkàwé dín kù, ìwé ìròyìn náà sì dáwọ́ títẹ̀ dúró. Báyìí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì.

Tiwalọlá fi fóònù rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ lẹ́tà méje níwájú mi. Kó tó di pé mo wú ikọ́, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kò dùn yín?" Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí díẹ̀. Irú iṣẹ́ tèmi yẹn kò ní padà wá mọ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá a. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mú iṣẹ́, ẹ wo ẹni tó máa kọ́ yín, kí ẹ sì wo ẹni tó ń dúró de ohun tí ẹ bá ṣe. Mo rí àwọn méjèèjì, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọ̀gá mi ṣì wà láyé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ kí wọn, lẹ́yìn ìrun. Àwọn àpótí wà lórí pẹpẹ nínú yàrá wọn. Màá gbé ọ̀kan, màá jókòó sórí àga kúkúrú tó wà lẹ́bàá ẹní wọn, màá gbé e lé itan, màá sì pe lẹ́tà méje fún wọn. Wọ́n á di ojú tí kò ríran náà, wọ́n á sì máa mú àlejò kiri ilé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu. Mo ń tún ìjókòó ṣe, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n yí ojú sọ́dọ̀ mi láàárín ọ̀rọ̀.

"Kí ló wà lórí ẹsẹ̀ ẹ?"

"Àpótí ni, Bàbá."

"Látìgbà tó o ti jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Látìgbà òjò yẹn?"

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni, a ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí láàárín ara wa.

Wọ́n ní, "Mo kó wọn wá síbí kó o lè máa wá ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ, o ò ní rí ìdí láti máa wá wo arúgbó. Gbé e sílẹ̀."

"Bàbá, ilẹ̀ ni—"

"Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ni. Ó gbẹ. Gbé e sílẹ̀, Dúpẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ọ̀gá mi na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan àpótí náà níbi tó wà lórí ilẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ náà lé mi lórí.

Wọ́n ní, "Ó yá. Lẹ́tà wo ló wà láàárín?"